Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Géèmù Ilé Ṣe Di Ti Àtẹ́lẹwọ́

Kí aládàáṣe kankan tó mú ayùn sọ́wọ́ láti gé ẹ̀rọ géèmù ilé kéré kí ó lè ṣe é gbé rìn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló kọ́kọ́ dán an wò. Nígbà tí Nintendo gbé Game Boy jáde ní 1989, àwọn ọmọ rí géèmù tó ṣe é gbé rìn, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Èyí tí bàbá wọn ti fowó rà fún ẹ̀rọ ilé kò wọ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an ni kí ti ilé yẹn bá wọn jáde. NEC, ilé-iṣẹ́ Japan kan, gbìyànjú rẹ̀ ní 1990 pẹ̀lú TurboExpress, tó ń lo géèmù ẹ̀rọ ilé tirẹ̀. Ní 1995, Sega gbé Nomad jáde ní Amẹ́ríkà, kásẹ́ẹ̀tì Genesis, ẹ̀rọ ilé Sega, gan-an ló sì ń lò. Nomad dára lójú, àmọ́ ọ̀jẹun ni: bátìrì mẹ́fà ló ń gbé mì, kì í sì í lò wọ́n ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ. Kò tà.

Ọdún 2000 ni ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́. Benjamin Heckendorn, ará Wisconsin tó ń fi iṣẹ́ yíya àwòrán jẹun, tú ẹ̀rọ ilé tí wọ́n ń pè ní Atari 2600 palẹ̀, ó sì tún un tò sínú ìkarahun kan tó ṣe é dì mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ̀rọ tó yàn yẹn gan-an ni mo gbóríyìn fún. 1977 ni Atari yìí jáde, àlòkù rẹ̀ kún ọjà, ṣíìpù ńlá mẹ́ta péré ló ń ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀, ìrántí rẹ̀ kò sì ju báìtì 128 lọ. Bí èèyàn bá ba ọ̀kan jẹ́, á ra òmíràn. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí àwọn ẹ̀rọ ilé mìíràn: NES, Super Nintendo àti PlayStation. Ní 2005, ó kọ ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́, ìyẹn ni iṣẹ́ náà fi ràn.

Skríìnì ló ń dààmú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jù. Sony ló bá wọn yanjú rẹ̀ láìmọ̀, nígbà tó ṣe skríìnì kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ PSone, PlayStation kékeré. Àwọn oníṣẹ́ yìí á ra skríìnì náà, wọ́n á tú u, wọ́n á yọ gílóòbù tín-ín-rín tó ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ tó sì ń fa bátìrì gbẹ, wọ́n á to LED funfun sípò rẹ̀.

Ẹ wo Nintendo 64, ẹ̀rọ ilé mìíràn. Ihò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí bọ́ọ̀dù, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí ẹ̀rọ náà nípọn bíi bíríkì. Wọ́n á yọ ihò yẹn kúrò pẹ̀lú irin sọ́dà, gbogbo eyín irin rẹ̀ 50, wọ́n á wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n já lára kébù kọ̀ǹpútà àtijọ́ so eyín kọ̀ọ̀kan padà, kí ihò náà lè sùn pẹrẹsẹ sẹ́yìn. Bí wáyà kan bá já nínú 50 yẹn, géèmù lè má ṣí rárá, ó di kí wọ́n máa wá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkarahun náà ńkọ́? Ike oríṣiríṣi ni wọ́n ń gé pọ̀, wọ́n á fi irú ìpara tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ara mọ́tò dí ojú àpá, wọ́n á fi sáńpépà họ ọ́, wọ́n á kùn ún. Àwọn kan rẹwà, àwọn kan burú jáì. Lẹ́yìn 2009, ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) tó de irú ẹ̀rọ ìtẹ̀ 3D kan, èyí tó ń yọ́ ike tó sì ń tò ó ní ìpele-ìpele di nǹkan, parí, owó ẹ̀rọ náà wálẹ̀, wọ́n wá ń tẹ ìkarahun jáde, ìpara náà sì di ohun àtijọ́.

Wii, ẹ̀rọ ilé Nintendo tó jáde ní 2006, ló wá yí iṣẹ́ náà padà. Ó ń gbá géèmù GameCube, ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, fúnra rẹ̀, ojú kan náà lórí bọ́ọ̀dù ni gbogbo ohun tó ṣe kókó sì kóra jọ sí. Ni wọ́n bá fi ayùn gé ìyókù dà nù. Ìpele-ìpele ni bàbà inú bọ́ọ̀dù, tí ayùn bá ti kọjá, etí wọn lè kan ara wọn kí ó sì ṣọ́ọ̀tì, nítorí náà wọ́n á fi sáńpépà ha etí náà títí á fi mọ́. Oríṣi iná mẹ́rin ni ṣíìpù wọ̀nyẹn ń béèrè, fóòtì 1, 1.15, 1.8 àti 3.3, bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ṣe fúnra wọn ló sì ń fa gbogbo rẹ̀ láti ara bátìrì. Díìsìkì ò sí mọ́, inú fláàṣì ni géèmù wà.

Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú tó dé ní 2012, lè ṣe àfarawé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ láìsí pé wọ́n gé nǹkan kan, Nintendo fúnra rẹ̀ sì ta Switch, tó jẹ́ ti ilé tó tún jẹ́ ti ìrìnàjò, ní 2017. Àwọn onígígé ò gbà. Ṣíìpù gidi ni wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀, èmi náà sì gbè sẹ́yìn wọn. Ní 2024, àwọn kan fi Wii hàn tí wọ́n ti gé débi pé ìkarahun rẹ̀ kò ju mílímítà 60 ní òró àti ní ìbú, mílímítà 16 ní sísanra. Kò sí àyè fún bátìrì nínú rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí skríìnì.