Ohun Tí A Bá Ní Kí Kọ̀ǹpútà Kọ Nípa Odò Ló Máa Kọ

Sọ́fítíwíà tó ń ṣírò bí odò ṣe ń ṣàn àti bí omi rẹ̀ ṣe mọ́ sí kì í tọ́jú gbogbo ohun tó bá ṣírò. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló ń dà nù bó ṣe ń lọ. Ìwọ̀nba tí wọ́n bá ti ní kó kọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń wà nínú fáìlì nígbà tó bá parí. Ẹni tí kò bá béèrè fún ọ́síjìn lábẹ́ afárá kan kò ní bá a níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti ṣírò rẹ̀ láìmọye ìgbà. Àfi kó tún iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ká mú odò Àlà, tó la ìgboro Àkúrẹ́ kọjá kó tó lọ dà pọ̀ mọ́ odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ká ní wọ́n pín in sí ojú ìwọ̀n 100 láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò nǹkan 12 ní ojú kọ̀ọ̀kan: jíjìn omi, bó ṣe ń yára sí, ìgbóná rẹ̀, ọ́síjìn, náítíréètì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń ṣírò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìgbésẹ̀ 3,153,600 ló wà nínú ọdún kan. Nọ́ńbà tó lé ní bílíọ̀nù 3.7 nìyẹn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì gba báìtì 4, ó ti tó gígábáìtì 15. Bí wọ́n bá ní kó máa kọ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, mẹ́gábáìtì 42 péré ni.

Ìdí nìyẹn tí àkókò ìṣirò fi yàtọ̀ sí àkókò ìkọsílẹ̀. HEC-RAS, sọ́fítíwíà ìṣirò odò tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣe tí wọ́n sì ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ya àyè wọn sọ́tọ̀: ọ̀kan fún ìṣirò, ọ̀kan fún àwòrán ilẹ̀, ọ̀kan fún gíráàfù bí omi ṣe ń kún tó ń fà, ọ̀kan fún kúlẹ̀kúlẹ̀ gbogbo ojú ìwọ̀n. Kíkọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sọ ìṣirò di àìpé. Ohun tó ń dín kù ni ohun tí ojú wa máa rí.

Ibẹ̀ gan-an ló ti gba ìrònú, torí ohun tí a fẹ́ mọ̀ ló yẹ kó pinnu iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ sí ìgboro tó kún fún páànù àti kọnkéré, omi lè kún kó sì fà láàárín wákàtí mélòó kan. Fáìlì tí wọ́n ń kọ ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà lè fo ìgbà tí omi ga jù lọ, kó dà bíi pé afárá kò séwu. Ó yẹ kí wọ́n béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kí wọ́n sì ní kó tọ́jú ibi gíga jù tí omi dé ní gbogbo àkókò náà, bí sọ́fítíwíà bá ní àyè fún un.

Ti ọ́síjìn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án, ewéko inú omi ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ó sì ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Lóru, òun náà ń mí, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ ìdọ̀tí kò sì sinmi. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Omi tó mọ́ tó gbóná tó ìwọ̀n 27 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kì í lè gbà ju bíi mílígíráàmù 8 ọ́síjìn lọ nínú lítà kan. Ká ní odò kan ní 8 lọ́sàn-án, tó já sí 2 ní ìdájí: ìpíndọ́gba ojúmọ́ lè jẹ́ 5, ẹni tó rí 5 a ní kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ẹja ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó béèrè fún ìpíndọ́gba ojúmọ́ nìkan ti fọwọ́ ara rẹ̀ bo ohun tó ń wá. Ohun tó kéré jù lójúmọ́ ni kó béèrè, tàbí kó gba ti wákàtí wákàtí.

Ibi tí wọ́n ti ń béèrè náà ṣe kókó. Láti ọdún 1925 tí Streeter àti Phelps, àwọn onímọ̀ méjì, ti gbé ìṣirò wọn jáde lórí odò Ohio ní Amẹ́ríkà ni a ti mọ̀ pé ibi tí ìdọ̀tí ti wọ odò kọ́ ni ọ́síjìn ti ń kéré jù. Ìsàlẹ̀ odò ni, níbi tí àwọn kòkòrò ti ráyè jẹ ẹ́ dáadáa. Bí gọ́tà ilé ẹran bá já sódò, ojú ìwọ̀n kan ní ẹnu gọ́tà kò tó. Kí wọ́n yan mélòó kan sísàlẹ̀, kí ọ̀kan sì bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bu omi yẹ̀ wò. Kí aago náà bára mu: omi tí wọ́n bù ní Àkúrẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago márùn-ún ni nínú fáìlì tó ń lo UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé.

Ìwọ̀n ìdọ̀tí tí odò ń gbé lọ ní ìkẹ́kùn tirẹ̀. Ká ní fún ìdajì ọjọ́, lítà 1,000 ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí mílígíráàmù 2 wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 2 nìyẹn. Òjò rọ̀ ní ìdajì tó kù, omi di lítà 9,000, ìdọ̀tí di mílígíráàmù 10. Ó di gíráàmù 90. Ìpíndọ́gba tòótọ́ jẹ́ gíráàmù 46. Ẹni tó bá gba ìpíndọ́gba omi lọ́tọ̀, 5,000, àti ti ìdọ̀tí lọ́tọ̀, 6, tó wá sọ wọ́n di púpọ̀, 30 ló máa rí. Kí wọ́n béèrè fún ẹrù ìdọ̀tí náà fúnra rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí àbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú SWAT, sọ́fítíwíà mìíràn irú èyí, NYSKIP ni wọ́n fi ń sọ iye ọdún ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ní kọ sílẹ̀. IPRINT ni wọ́n fi ń yan ti oṣù (0), ti ojúmọ́ (1) tàbí ti ọdún (2). Níbi tí iná ti ń lọ nígbàkígbà, ó tún yẹ kí wọ́n béèrè fún fáìlì ìtẹ̀síwájú, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé.

Kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ ọdún kan lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọjọ́ méjì dán an wò, kí wọ́n ṣí fáìlì náà, kí wọ́n wò ó bóyá orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè wà níbẹ̀, bóyá òṣùwọ̀n rẹ̀ tọ̀nà, àti bóyá ojú ìwọ̀n abẹ́ afárá wà lára wọn.