Àwọn tó fẹ́ tún túbú ṣe ló sọ ọ́ di ìjìyà

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn bá ti délẹ̀ lóde òní, iye ọdún la máa ń kọ́kọ́ béèrè. "Ọdún mélòó ni wọ́n fún un?" Ó ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ti ń ṣe é látìgbà ìwáṣẹ̀: èèyàn ṣẹ̀, adájọ́ ka ọdún fún un, ó wọlé lọ ṣe é. Ojú yìí náà la fi ń wo ìtàn àwọn tó jà fún àtúnṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. A máa ń rò pé wọ́n bá ìjìyà kan nílẹ̀ tó ti le jù, wọ́n wá fi àánú dẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ètò ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwa ti ṣẹ̀ wá.

Lọ́hùn-ún, títí di nǹkan bí ọdún 1775, olè tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá tóbi, okùn ló ń lọ. Bí orí bá kó o yọ, wọ́n á nà án ní gbangba, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ kó o lọ sí Amẹ́ríkà, kí wọ́n lọ tà á fún olóko tí yóò sìn fún ọdún 7 tàbí 14. Ibi tí èèyàn ti ń dúró de ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ni túbú. Òótọ́ ni pé ilé ìbáwí kan wà, bíi Bridewell ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń kó àwọn alárìnkiri àti olè kéékèèké sí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n ti ọ̀daràn mọ́lé fún ọdún gbọọrọ, kí títì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyà, kò wọ́pọ̀.

Ta wá ló kún inú túbú? Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Howard ló lọ kà wọ́n. Ní 1773 wọ́n fi í jẹ Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn aṣojú ọba, ní ìgbèríko Bedfordshire. Oyè ìyì ni. Àwọn tó jẹ ẹ́ ṣáájú rẹ̀ kì í sábàá yọjú sí túbú tó wà lábẹ́ wọn. Howard yọjú. Ó bá àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá sílẹ̀ pé wọn ò jẹ̀bi, àti àwọn tí ẹni tó pè wọ́n lẹ́jọ́ kò tilẹ̀ wá sí kóòtù, tí wọ́n tún dá wọn padà sí àhámọ́, nítorí pé wọ́n jẹ onítúbú lówó. Onítúbú kì í gba owó oṣù, ara àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun: owó ìwọlé, owó ìjáde, owó ibùsùn, owó kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Òun náà ló ń ta ọtí fún wọn. (Ẹni tó bá ti lọ gba èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá rí, tó jókòó sábẹ́ àkọlé "béèlì jẹ́ ọ̀fẹ́", kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.) Àwọn tó wà nínú túbú náà ní owó tiwọn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń kí i káàbọ̀ ni "Sanwó, tàbí kí o bọ́ṣọ." Ọ̀pọ̀ ló bọ́ṣọ nínú òtútù.

Howard ní kí àwọn adájọ́ ìgbèríko náà máa san owó oṣù fún onítúbú. Wọ́n ní kó lọ wá ibòmíì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí àwọn lè rí àpẹẹrẹ. Ó gun ẹṣin lọ sí ìgbèríko tó kángun sí wọn, kò rí. Ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ náà kò yàtọ̀. Bí ìrìn àjò rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó fi yí gbogbo England àti Wales po. Nígbà tó ṣírò wọn, àwọn tó wà ní àhámọ́ jẹ́ 4,084. Nínú wọn, 2,437 ló jẹ́ onígbèsè. Àwọn ọ̀daràn ńlá kò ju 994 lọ, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kéékèèké sì jẹ́ 653.

Ẹ wo iye àwọn onígbèsè yẹn dáadáa. Wọ́n ti èèyàn mọ́lé títí yóò fi san gbèsè, níbi tí kò ti lè ṣiṣẹ́ tí yóò fi rí owó náà san. Àwọn baba wa náà ní ọ̀nà tiwọn láti gba owó padà, ìwọ̀fà kò sì jẹ́ ayé ìgbádùn fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó kéré tán, ọwọ́ ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ lóko olówó.

Òórùn ibẹ̀ ńkọ́? Howard kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń wọ aṣọ òun débi pé òun kò lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó ní ìlẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ẹṣin, nínú afẹ́fẹ́, ni òun ń wà. Ìwé tó ń kọ nǹkan sí, ó ní láti yà á síwájú iná fún wákàtí kan tàbí méjì kó tó lè lò ó. Ìgò fínígà tó ń gbé símú láti fi lé òórùn, bó bá ti dé túbú mélòó kan, òun náà á di ohun tí imú ò gbà. Ibà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ibà túbú, tí iná aṣọ, kòkòrò tó ń gbé inú aṣọ ìdọ̀tí, ń tàn kálẹ̀. Lọ́dún 1750, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó láti Newgate, túbú ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wá sí kóòtù Old Bailey kó o ran ilé ẹjọ́, olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti adájọ́ sì wà lára àwọn tó kú. Howard ní àwọn tí ibà náà ń pa ju àwọn tí okùn ń pa lọ.

Ní 1774 ó rojọ́ níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, òfin méjì sì jáde lọ́dún náà: ọ̀kan pé kí ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ máa lọ láìsan kọ́bọ̀ fún onítúbú, èkejì pé kí wọ́n máa fọ ògiri, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kí dókítà máa wà. Àtúnṣe tí gbogbo èèyàn ń rántí nìyẹn.

Èyí tí a kì í rántí ló wá lẹ́yìn rẹ̀. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà dí ọ̀nà tí wọ́n ń kó ọ̀daràn gbà, ìjọba kò sì mọ ibi tí yóò kó wọn sí. Láti 1776 wọ́n ń rọ́ wọn sínú àlòkù ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames. Àwọn tó ń fẹ́ àtúnṣe rí àyè wọn níbẹ̀. Howard lọ́wọ́ nínú òfin 1779 tó ní kí wọ́n kọ́ ilé tuntun, kí ọ̀daràn máa ṣiṣẹ́ agbára lọ́sàn-án, kó máa dá sùn lóru, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tó lọ sí Róòmù, ó rí àkọlé kan ní San Michele, ilé ìbáwí àwọn ọmọkùnrin, tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn gan-an: pé ohun kékeré ni kí a fi ìyà dá ẹni ibi lẹ́kun, bí a kò bá fi ẹ̀kọ́ sọ ọ́ di ẹni rere. Bí èèyàn bá sì fẹ́ sọ ẹnìkan di ẹni rere lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó gbọ́dọ̀ ní àkókò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọdún gbọọrọ ti wọlé.

Wọn kò kọ́ ilé tí òfin 1779 sọ, Australia ni ìjọba wá ń kó wọn lọ láti 1787. Howard kú lọ́dún 1790 ní Kherson, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ukraine lónìí. Ṣùgbọ́n èrò rẹ̀ kò kú, ó tilẹ̀ le ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa dá èèyàn wà tọ̀sán tòru. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan, ti lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan ní 1829 tí kálukú ń dá gbé yàrá tirẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n Pentonville ní 1842, pẹ̀lú yàrá 520. Nọ́ńbà ni wọ́n ń pe ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀. Bó bá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà rẹ̀ á bò ó lójú kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, pákó ló ya ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kejì, tí ó fi jẹ́ pé àlùfáà nìkan ni wọ́n ń rí. Oṣù 18 ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀ fún àdáwà yìí. Orí àwọn kan dàrú, wọ́n sì ń dín in kù títí ó fi di oṣù 9. Àwọn olùfọkànsìn ló ṣètò gbogbo èyí, tọkàntọkàn.

Kì í ṣe gbogbo alátùn-únṣe ló fara mọ́ ọn o. Elizabeth Fry, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó bébà pọ́n-ùn márùn-ún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti 2002 títí di 2017, kọ́kọ́ wọ Newgate ní 1813. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ka Bíbélì, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì rọ̀. Ohun tó ṣe pọ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1817, ó ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú ìyá wọn, ó wá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àwọn obìnrin, ó sì ka òfin tí wọ́n máa tẹ̀ lé sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n nawọ́ bí wọ́n bá fara mọ́ ọn. Ẹlẹ́wọ̀n ń dìbò! Òun fẹ́ kí wọ́n jùmọ̀ ṣiṣẹ́ lójúmọmọ, kò sì fẹ́ àdáwà àṣejù. Àwọn alábẹ̀wò tí ìjọba yàn ní 1835 ló wá tako Newgate, ọ̀kan nínú wọn, William Crawford, sì ti lọ wo ti Philadelphia, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀nà tiwọn ló borí.

Ọkọ àbúrò Fry, Thomas Fowell Buxton, kọ̀wé lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní 1818 kó tó gbájú mọ́ bí wọ́n ṣe máa fòpin sí òwò ẹrú. Òun ló wà nídìí ìrìn àjò odò Ọya ti 1841 tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sí Èkó ní àwọn ọdún 1880, wọ́n ti gbé e wá ní odindi: odi, sẹ́ẹ̀lì, wọ́dà tó ń gbowó oṣù, ọdún tí adájọ́ ń kà. Iṣẹ́ túbú àtijọ́ kò sì tán nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní àhámọ́ ni adájọ́ kò tíì ka ọdún kankan fún. Ìdájọ́ ni wọ́n ń dúró dè.