Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Yín Pamọ́ Sí Ìsàlẹ̀ Lẹ́tà

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gbé lẹ́tà wá fún mi tún ṣe, àṣìṣe kan náà ni gbogbo yín ń ṣe. Ojú ìwé méjì gbáko! Ẹ ó kí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ ó kí ọ̀gá ibẹ̀, ẹ ó ṣàdúrà fún wọn, ẹ ó ròyìn bí ìyá yín ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò ẹ̀lúbọ́ ní Bódìjà, kí ẹ tó dárúkọ ohun tí ẹ ń fẹ́. Èmi kà á débẹ̀ torí pé ẹ sanwó fún mi. Ta ni yóò kà á débẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí sípẹ́lì. Iṣẹ́ tíṣà ni ìyẹn. Ìlà àkọ́kọ́ ni ìjà tèmi. Ìkíni kan ṣoṣo ti tó. Kí ohun tí ẹ fẹ́, iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. A fẹ́ máa kó 50 àpò ẹ̀lúbọ́ wá fún yín lóṣooṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀. Iye owó wà nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa lésì kí ọjọ́ 15 oṣù yìí tó pé.” Ẹni tó kà á ti mọ ohun tó máa ṣe. Ìgbà náà ni kí ẹ wá sọ ìdí, ìdí tó kan òun tó fẹ́ rajà. Pé ẹ jẹ gbèsè kò kàn án. Pé ẹ̀lúbọ́ yín kì í ní yanrìn, tí ẹ kì í sì í pẹ́ kó ọjà dé, ìyẹn ló kàn án.

Àwọn kan á ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Òótọ́ ni, láàárín àwa tí a jọ mọ ara wa. Òṣìṣẹ́ báńkì tí kò rí yín rí, tí lẹ́tà kún iwájú rẹ̀, odindi ni kí ẹ fún un.

Àwọn tó ń ta lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á lórí WhatsApp ló ń bí mi nínú jù. Gírámà ńláńlá tí ẹni tó tà á gan-an kò lè túmọ̀! Oníbàárà mi kan rà á, ó fi ránṣẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Òmíràn gbé lẹ́tà tirẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà kí wọ́n ta òróró sí i. Ibẹ̀ ló wà títí gbèdéke fi kọjá. Kò sí òróró tó ń gbé ìlà ìsàlẹ̀ wá sókè.

Ẹ má sì rò pé owó nìkan ni ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sísàlẹ̀ ń gbé lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2003, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Columbia lọ sójú sánmà. Bó ṣe ń gbéra, fóòmù kan já lára táǹkì epo rẹ̀, ó gbá apá òsì ọkọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Boeing yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi PowerPoint, ojú ewé orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé sójú ògiri nípàdé, jábọ̀. Àkọlé ojú ewé tó ṣe pàtàkì jù ń fini lọ́kàn balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní lẹ́tà kéékèèké, pé fóòmù náà tó 1,920 kúbíìkì ínṣì, pé èyí tí wọ́n ti fi ṣe àyẹ̀wò rí jẹ́ 3. Ìlọ́po 640! Wọn ò tilẹ̀ bá ọ̀gá ṣírò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, ọkọ̀ náà túká bó ṣe ń padà bọ̀ wálé, lókè ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú. Fóòmù ló ba ọkọ̀ náà jẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ PowerPoint. Àmọ́ ìgbìmọ̀ olùwádìí gbé ojú ewé yẹn sínú ìròyìn wọn, wọ́n sì sọ pé ó rọrùn láti mọ ìdí tí ọ̀gá àgbà kan fi lè kà á, kó má sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.