Gìgísẹ̀ gíréfà: ohun tó ń mú kí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fífín máa yọ̀

"Ọ̀gá, ọwọ́ mi ò dúró." Kò sí ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ fífín lọ́dọ̀ mi ní Èbúté Mẹ́ta tí kì í sọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Irin á yọ̀ lórí idẹ, á ha ìlà burúkú gba àárín iṣẹ́ kọjá, ọmọ á sì rò pé òun ò ní ẹ̀bùn. Màá gba gíréfà náà, màá wo abẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Gìgísẹ̀ ni.

Gíréfà ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fín orúkọ sínú òrùka, tí a fi ń fín ewé àti òdòdó sára ẹ̀gbà ọwọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú igi ribiti kan tó kún àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ yìí la sì fi ń tì í lọ. Kì í ha idẹ lásán o. Ó ń bó o ni, èèpo idẹ tín-ín-rín á máa ká jáde níwájú rẹ̀ bí èèpo ọsàn lẹ́nu ọ̀bẹ ìyá ọlọ́sàn. (Ẹ má fi wé iṣẹ́ ẹdan Ògbóni. Ara ìda ni wọ́n ti ń ṣe ọnà tìyẹn kí wọ́n tó da idẹ sí i. Tiwa, idẹ tútù la dojú kọ.)

Ẹ wá yí abẹ́ gíréfà sókè. Ojú méjì tó tẹ́jú ló pàdé níbẹ̀ bí òrùlé tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Iwájú rẹ̀ náà, a ti gé e dà sẹ́yìn ní dígíríì 45. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo abẹ́ rẹ̀ ni yóò sùn lé idẹ, ìka ò sì ní ráàyè lábẹ́ igi. Bí a bá ní ká gbé ọwọ́ sókè, ẹnu rẹ̀ á rì wọlé lójijì, á há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pọ́n ojú kéékèèké méjì mìíràn sábẹ́ ẹnu rẹ̀ gan-an, ní dígíríì 15 sí 20. Àwọn ni gìgísẹ̀. Wọ́n ń gbé igi kúrò nílẹ̀ bí gìgísẹ̀ bàtà ṣe ń gbé ẹsẹ̀, irin á sì rí nǹkan fara tì bó ṣe ń lọ. Ẹ gbé ọwọ́ sókè fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà á jìn. Ẹ rẹ ọwọ́ sílẹ̀, á fẹ́lẹ́, irin á jáde.

Bó ṣe kéré tó gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìdajì mìlímítà ti tó. Bó bá gùn jù, ìlà tààrà ò ní sọ fún yín, àfi tí ẹ bá dé ibi tí ewé ti ṣẹ́ kọ́nà: ìdí gìgísẹ̀ á máa wọ́ létí ìlà, á fi àpá sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì tóbi ju èkejì lọ, irin á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi dáńfó tí táyà rẹ̀ kan ti lọ sílẹ̀.

Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, gíréfà yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ àtàǹpàkò òsì mi. Lẹ́yìn tí a di ọgbẹ́ náà tán, ọ̀gá mi fi awò alágbẹ̀dẹ wúrà, èyí tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, sí mi lójú, ó gbé ẹnu irin síwájú mi. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan ń tàn níbẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ibi tó ti kán ni o ń wò yẹn. Ẹnu tó bá mú kì í tàn." Títí dòní, bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní awò, kó gbé ẹnu irin lé èékánná láì tẹ̀ ẹ́: bó bá dì í mú, ó mú, bó bá ń yọ̀, ẹ padà sídìí òkúta ìpọ́n. Irin tó kú ló ń gba agbára, agbára yẹn ló sì ń ṣeni léṣe. Ẹ má fi ìka síwájú ẹnu gíréfà láéláé.

Fún ìdánrawò, ẹ wá àjẹkù idẹ pẹlẹbẹ ní Owódé Onírin. Bàbà rọ̀ ju idẹ lọ lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu irin. Ẹ gbé idẹ lé àpò awọ tí a rọ yanrìn sí, kí ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà. Ẹ fi ìlà tààrà kún un kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́nà. Tí kọ́nà bá dé, ọwọ́ òsì ni kó máa yí idẹ wá bá irin. Ọwọ́ ọ̀tún ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan.

Ẹ má fọwọ́ lásán pọ́n gìgísẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ á máa mì, ojú rẹ̀ á rí roboto. Ẹ lo ohun tó ń di irin mú ní dígíríì kan náà. Bí ẹ bá pọ́n ọn tán, ẹ dán an títí á fi máa kọ mànà, nítorí bí gìgísẹ̀ bá ṣe dán ni ìlà inú idẹ ṣe máa dán. Tó bá jẹ́ irin líle bíi ojú ọ̀bẹ lẹ fẹ́ fín, ẹ sọ iwájú gíréfà di dígíríì 50, kí ẹnu má baà tètè kán.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pọ́n gìgísẹ̀ ló ń gùn sí i. Tó bá ti ń sún mọ́ mìlímítà kan, ẹ fi í sílẹ̀, iwájú gíréfà ni kí ẹ lọ̀ sẹ́yìn, gìgísẹ̀ á sì tún kéré.