Ẹja Kan, Idì Méjì: Bí Fọ́tò Ìjà Ojú Sánmà Ṣe Ń Wáyé

Tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, àwọn ayàfọ́tò á tò sí etí odò Susquehanna ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, nísàlẹ̀ dáàmù Conowingo. Láti 1928 ni dáàmù yìí ti ń fi omi ṣe iná mànàmáná. Ẹja tó bá bá omi gba inú ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, òmíràn á kú, òmíràn á dákú, wọ́n á wá léfòó. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ nìyẹn fún idì olórí funfun. Ibi tí ẹnu bá sì ti pọ̀ nídìí oúnjẹ, ìjà kì í wọ́n níbẹ̀. Ìjà yẹn gan-an ni gbogbo wọn wá yà.

Èrò kan gbilẹ̀ nípa irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sì ń ná ọ̀pọ̀ èèyàn lówó tí kò yẹ kí wọ́n ná: pé kámẹ́rà ló ń ṣe é. Wọ́n á ní kí èèyàn ṣáà ra èyí tó ń ya àwòrán 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ó parí. Kò parí o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Idì tó ń fò ní kìlómítà 64 ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí nǹkan títí ìka á fi tẹ bọ́tìnnì, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹyẹ náà ti lọ ní mítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Lẹ́ńsì gígùn 600 mm, tó bá kọjú sí ẹyẹ tó wà ní mítà 50, ìbú ohun tó ń rí ò ju bíi mítà mẹ́ta lọ, apá idì tó nà tán nìkan sì tó mítà méjì. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí ìjà kó tó tẹ bọ́tìnnì, ogún àwòrán òfuurufú lásán ló máa gbé délé.

Ti kámẹ́rà ò le. Kí ojú rẹ̀ má là ju ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láàárín ìyẹn, idì ò tíì sún tó sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹ́ rẹ̀ á hàn ketekete. Ní ìdá kan nínú 500, ó ti sún ju mẹ́ta lọ, apá á ti di èéfín. Ìyókù, ojú èèyàn ló ń ṣe é.

Kí ni ojú ń wá? Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fún ní ẹran láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi ìkómọ. Kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sí i, ara rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Á gbé èjìká sókè, á fi àyà bo abọ́, ìrìn rẹ̀ á yí padà, ojú rẹ̀ ò ní sí lára ẹran mọ́, ẹ̀yìn ni yóò máa wò. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà á náà kì í sáré wá. Á rọra gba ẹ̀yìn àga, bí ẹni tó ń wá omi. Ìyá tó mọ àwọn ọmọ rẹ̀ á ti pariwo orúkọ kí ọwọ́ tó kan abọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni idì. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò lé, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni apá rẹ̀ ń lọ, ó tiẹ̀ lè tẹ orí sísàlẹ̀ kó máa já ẹja kékeré jẹ bó ṣe ń fò. Tí apá yẹn bá ṣàdédé yá, tí ó yí orí wo òkè, olè ti ń bọ̀ nìyẹn, bí kámẹ́rà ò tilẹ̀ tíì rí i. Láti òkè àti láti ẹ̀yìn ló sábà máa ń wá, torí ẹni tó wà lókè ló ní eré tí yóò fi já wálẹ̀.

Ibi tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti ń ṣìnà nìyí: olè ni wọ́n ń fi lẹ́ńsì lé, torí òun ló ń sáré. Ẹni tó ní ẹja ni kí lẹ́ńsì bá lọ, kí àyè díẹ̀ sì wà lókè orí rẹ̀. Olè á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú àwòrán. Bó bá ṣe kù díẹ̀ kó kàn án, ẹlẹ́ja á yíra padà, á dojú àyà sókè lójú òfuurufú, á na èékánná sí i. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ò pé. Ìyẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jí lóru.

Afẹ́fẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ti ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò nìyẹn. Idì tó fẹ́ mú ẹja lójú omi, iwájú ló ti fẹ́ ẹ̀fúùfù, kó lè dín eré kù. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn ayàfọ́tò fẹ́, idì á máa kọjú sí i. Ọjọ́ tó bá yí padà, ìrù ló máa yà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní 1784, Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé ọ̀lẹ ni idì yìí, pé ó ń jókòó wo ẹyẹ apẹja mìíràn títí yóò fi já ẹja rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tọ́ sí ẹyẹ náà. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ sójú omi ti ná agbára, ó sì tún gbọ́dọ̀ gbé ẹrù gòkè. Ẹni tó gbà á lókè ò ná ju eré díẹ̀ lọ, tó bá sì rí i pé ẹlẹ́ja lágbára jù, ó lè yà kúrò láìfarapa. Ọgbọ́n ni. Kódà àwọn ọmọ idì aláwọ̀ ilẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní àṣá lábẹ́ fọ́tò nítorí pé orí wọn ò ní funfun títí wọ́n á fi tó bí ọmọ ọdún márùn-ún, ti mọ̀ ọ́n.

Tí ìjà bá le, ẹja a máa bọ́ nígbà míì. Gbogbo kámẹ́rà á ṣì dojú kọ àwọn méjì tó ń jà lókè, idì kẹta á ti rọra gba abẹ́ wọn kọjá, á he ẹja lójú omi, á bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí lẹ́ńsì rẹ̀ bá ẹja lọ nìkan ló ní fọ́tò ìyẹn.