Ìlànà ìjọba lórí dátà sẹ́ńtà ní Áyálándì

Dátà sẹ́ńtà ni ilé ràgàjì tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí wọn kì í pa wọ́n tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ gan-an ni fọ́tò àti ìmeèlì tá a ní ó wà "lórí íntánẹ́ẹ̀tì" ń gbé. Iná ló ń jẹ, ooru ló ń tú jáde. Ní Yúróòpù, Áyálándì wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, torí orílẹ̀-èdè náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, Amazon, Google, Microsoft àti Meta sì ti kóra jọ síbẹ̀, àgàgà lágbègbè Dublin.

Ní 2015, 5% iná tí mítà kà ní gbogbo Áyálándì ló lọ sí dátà sẹ́ńtà. Nígbà tó fi máa di 2023 ó ti di 21%, àwọn ilé tí èèyàn ń gbé nígboro sì lo 18%, ìyẹn ni pé ẹ kó gbogbo fíríìjì, kẹ́tùlù àti tẹlifíṣọ̀n ìgboro jọ, iná tí wọ́n ń jẹ kò tó ti dátà sẹ́ńtà. Ní 2024 ó tún gun 22%.

Aráàlú ti kọ́kọ́ ta kò ó ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 2015 Apple ní òun fẹ́ kọ́ ọ̀kan tí owó ẹ̀ tó mílíọ̀nù 850 yúrò sí Athenry, ní Galway, àwọn kan lára aráàdúgbò fẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2018 Apple ní òun ò ṣe mọ́. Inú àwọn ará Athenry míì ò dùn rárá, torí iṣẹ́ ni wọ́n ń retí, bẹ́ẹ̀ ká sòótọ́, ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́lé lọ́wọ́ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀, tó bá ti parí, èèyàn díẹ̀ ló kù síbẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá 2021 CRU, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé kí wọ́n tó fa wáyà iná fún dátà sẹ́ńtà tuntun, kí wọ́n wo ibi tó wà, bóyá ó lè pèsè iná fúnra ẹ̀, bóyá ó sì lè dín lílò kù bí iná ìlú ò bá tó. Káńsù South Dublin tiẹ̀ fẹ́ fòfin dè é pátápátá ní 2022, mínísítà ló ní kí wọ́n yí i padà, àmọ́ ní 2024 káńsù yẹn náà ni ò fún Google láṣẹ láti kọ́ òmíì sí Grange Castle, wọ́n ní iná ò tó. Ìlànà tuntun tí CRU gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2025 ní kí àwọn dátà sẹ́ńtà ńlá tó bá ń bọ̀ ní ẹ̀rọ amúnáwá tàbí bátìrì tó tó ìlò wọn, kí 80% iná tí wọ́n ń lò lọ́dún sì wá látinú afẹ́fẹ́, oòrùn àti irú ẹ̀.

Ní Tallaght, lágbègbè Dublin, ooru dátà sẹ́ńtà Amazon ò ṣòfò. Láti 2023 ni wọ́n ti ń fi páìpù gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jáde níbẹ̀, ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì (ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín wò, ẹ máa mọ̀) á sọ ọ́ di gbígbóná, òun ni wọ́n fi ń mú ọ́fíìsì káńsù àti yunifásítì tó wà nítòsí móoru nígbà òtútù. Ọ̀fẹ́ ni Amazon ń fún wọn ní ooru náà.