Kí Ọyẹ́ Tó Dé, Ẹ Wọn Kànga Yín

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà mi kan ní Ìjerù, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbé fóònù rẹ̀ lé mi létí. Ọmọ rẹ̀ ni, láti Kánádà ló ti ń pè. Ó ní, "Bọ̀dá púlọ́ńbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Mọ́mì kí wọ́n jẹ́ kí táàpù máa ro díẹ̀díẹ̀ lóru, kí páìpù má baà bẹ́." Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òótọ́ ibi tó ń gbé ni. Lọ́hùn-ún, omi inú páìpù a máa dì. Bí omi bá sì ti di yìnyín, yóò fi bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ sí i, páìpù á sì là. Ọyẹ́ tiwa lè mú kéèyàn wọ súwẹ́tà méjì dúró ní Tákìé láàárọ̀ kùtù, kò ní sọ omi di yìnyín. Ẹni tó bá jẹ́ kí táàpù máa ro mọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọyẹ́, omi tí yóò máa wá kiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń dà nù.

Níbí, kànga ni ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́kọ́ ń bá jà, ẹ̀rọ tó ń fa omi ló sì ń jìyà rẹ̀. Tó bá ti di oṣù kejì ọdún, ìdí ẹ̀rọ tó ti jóná ni wọ́n sábà máa ń pè mí sí. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe nígbà yẹn ju kí n tú u, kí n sì dárúkọ owó? Ó sàn kí ẹ pè mí lóṣù kọkànlá. Ẹ má tilẹ̀ pè mí, ẹ wá okùn.

Ẹ so òkúta mọ́ ìdí okùn náà, ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí yóò fi kanlẹ̀. Bí ẹ bá fà á jáde, ibi tó rin ni ìwọ̀n omi tó kù. Ibi tó gbẹ, títí dé ẹnu kànga, ni ìrìn tí omi ní láti rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kọ méjèèjì sára ògiri pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Omi tí à ń fà, inú ilẹ̀ tó wà lórí àpáta yẹn àti inú ibi tí àpáta ti sán ló ń gbà sun, òjò ló sì ń bọ́ ọ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ńṣe ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí kànga tó ń dán lójú lóṣù kẹsàn-án fi lè di ihò ẹrẹ̀ lóṣù kẹta.

Nígbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, mítà 7 níbi tó gbẹ lára okùn ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ̀rọ alápáìpù kan tí à ń gbé kalẹ̀ lẹ́nu kànga kò lè fa omi tó bá ti fi mítà 7 sí 8 jìn sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Afẹ́fẹ́ inú páìpù ni ẹ̀rọ yẹn ń fà jáde. Afẹ́fẹ́ ayé tó tẹ orí omi inú kànga ló wá ń ti omi gòkè. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún kò sì lè tì í kọjá nǹkan bí mítà 10, bí páìpù ò bá tilẹ̀ jò níbì kankan. Mo mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, tó gbé e sójú kan náà, tí omi kò sì gòkè. Ó ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Wọn ò ta ayédèrú fún un. Sumo ló yẹ kó rà, èyí tí à ń rì sínú omi, tó ń ti omi láti ìsàlẹ̀.

Sumo náà ní tirẹ̀. Omi tó yí i ká ló ń tù ú lára. Bí omi bá tán lára rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò gbóná, wáyà inú rẹ̀ yóò sì jó. Mo fẹ́ràn kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju ẹrẹ̀ lọ, kí omi sì bò ó dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n so bọ́ọ̀lù tó ń pa iná ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ mọ́ ọn. Owó rẹ̀ kò tó owó tí ẹ óò fi tún wáyà ẹ̀rọ wé. Èyí tó ń pa ẹ̀rọ jù ni ká tan án nígbà tí NEPA bá mú iná dé lóru, ká sì padà lọ sùn. Ẹ fa díẹ̀, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí kànga sun fún wákàtí méjì, kí ẹ tó tún fà.

Bí ó bá di pé ẹ ní láti gbẹ́ kànga jìn sí i, ẹ̀ẹ̀rùn náà ló dára jù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ń lo pẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Èéfín rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà jáde, ó sì ń pa èèyàn kó tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun.

Ní ti páìpù, oòrùn àti òtútù ló ń dà á láàmú. Páìpù funfun oní-PVC tó gùn ní mítà 10 lè fi bí mìlímítà 12 sún kì tàbí gùn sí i bí òtútù àárọ̀ àti oòrùn ọ̀sán bá fi ìwọ̀n 20°C yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá ti fi kílíìpù há a mọ́ ògiri pinpin, ojú ìsopọ̀ ni yóò ti là. Èyí tó bá wà níta gbangba, ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun olómi, kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò.

Àwọn tó ní ilé akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, ládùúgbò yunifásítì LAUTECH, ẹ̀yin ni mò ń bá wí báyìí. Bí àwọn ọmọ LAUTECH bá lọ sílé, omi tó dúró nínú kọ̀rọ̀ páìpù lábẹ́ síǹkì àti ilẹ̀ balùwẹ̀, ọyẹ́ yóò fà á gbẹ. Omi kékeré yẹn ló ń dí òórùn sókàwéè mọ́lẹ̀. Wọ́n á padà dé, wọ́n á ní nǹkan kú sínú ilé, wọ́n á pe púlọ́ńbà, èmi á sì da abọ́ omi kan síbẹ̀. Ẹ da omi sí i kí ẹ tó tilẹ̀kùn, kí ẹ wá ro òróró ìdáná ṣíbí méjì lé e lórí. Òróró yẹn yóò léfòó, kò sì ní jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

Táńkì ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ lóṣù kọkànlá, nígbà tí omi kò tíì wọ́n, kí ẹ sì rí i pé ìdérí rẹ̀ dé dáadáa, torí eruku Sàhárà mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ihò. Tí ẹ bá sì ń gba omi òjò láti orí páànù, ẹ yọ páìpù rẹ̀ kúrò lẹ́nu táńkì báyìí. Eruku oṣù mélòó kan, ìgbẹ́ ẹyẹ àti òdòdó máńgòrò ni òjò àkọ́kọ́ yóò gbá wá. Ó di òjò kẹta kí ẹ tó dá a padà.